Aago Ta Ni A Ó Fi Ṣe Ìpàdé?

Ní ilẹ̀ wa ní Kàbbà, bí a bá pàdé ara wa, "Òkun o" ni a ń wí. Nítorí kíkí yìí ni wọ́n ṣe ń pe àwa Owé, Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú àti Òwòrò ní ará Òkun. Mo fi kíkí náà kí gbogbo yín lónìí, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kan ìhà méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ náà ni ti ìpàdé àwọn aṣáájú tí a ń fi fóònù ṣe. Láti ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti ojú ọ̀nà pa, tí a sì ti mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú, ni ọ̀pọ̀ ìjọ àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ti kọ́ bí a ti ń jókòó pọ̀ lórí Zoom àti WhatsApp. Alága lè wà ní Kàbbà, kí akọ̀wé wà ní London, kí akápò wà ní Houston, kí olùdámọ̀ràn kan sì wà ní Jeddah. Wọn yóò gbọ́ ohùn ara wọn bí ẹni pé orí ẹní kan náà ni wọ́n jókòó sí. Oore Ọlọ́run ni, èmi kò sì bá a jà.

Ohun tí ó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa kì í béèrè, kí a tó pe ìpàdé, pé aago ta ni a ó fi ṣe é. A rò pé wákàtí kò ju wákàtí lọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Ẹni tí ó bá yan wákàtí ìpàdé, òun ni ó yan ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ níbẹ̀ àti ẹni tí yóò sùn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ni ọ̀rọ̀ wákàtí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ aago ọwọ́ nìkan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìjọ kan ní agbègbè wa. Èmi kò ní dárúkọ wọn, nítorí pé ìjà náà ti parí. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé-kéwú, àwọn ọmọ wọn tí ó wà ní Amẹ́ríkà ni ó sì ń fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó ránṣẹ́. Wọ́n fi ìpàdé sí aago 9 alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ní Houston, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago 3 ọ̀sán ni èyí, àkókò tí ara dá ṣáká, tí ènìyàn ti jẹun tán. Ṣùgbọ́n kí gbogbo ènìyàn tó wọlé, aago 10 ti lù ní ilé. Wọ́n ki ara wọn, wọ́n ṣe àdúà, wọ́n ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ó kọjá. Nígbà tí wọn yóò fi dé orí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí a ó kọ́lé sí, ilẹ̀ ti ṣú gan-an ní Kàbbà, ó ti kọjá aago 12.

Lèmọ́mù, baba tí ó ti lé ní 70 ọdún, tí yóò sì jí ṣe Àsùbáà fún ìjọ, ti sùn lọ pẹ̀lú fóònù lórí àyà. Ìyá Àdínì, tí ó ní ẹrù láti kó lọ sí ọjà kí ilẹ̀ tó mọ́, ti kí wọn pé ó dàárọ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó mọ ilẹ̀ náà bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ kò ní dátà mọ́. Àwọn tí ó kù, tí gbogbo wọn wà ní òkè òkun àfi ẹnì kan, dìbò, wọ́n sì mú ilẹ̀ kan tí ó tẹ́jú dáadáa nínú àwòrán. Gbogbo ẹni tí ó ń gbé àdúgbò náà ni ó mọ̀ pé ojú ọ̀nà àgbàrá ni ibẹ̀. Nígbà tí òjò dé, omi wọ inú ìpìlẹ̀, wọ́n sì ní láti wá ilẹ̀ mìíràn. Owó tí àwọn ọmọ fi òógùn ojú wọn kó jọ bá omi lọ.

Nígbà tí wọ́n pe àwa àlùfáà láti parí ìjà náà, àwọn ará ilé ní: "A kì í fá orí lẹ́yìn olórí." Àwọn ará òkè òkun dáhùn pé: "Orúkọ yín wà lójú fóònù títí tí ìpàdé fi parí." Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn. Wákàtí ni ó tan àwọn méjèèjì jẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwọn tí ó wà ní òkè òkun nìkan ni ó ń ṣe èyí. Ará ilé pẹ̀lú a máa ṣe é. Mo mọ àwọn aṣáájú tí ó fi ìpàdé sí aago 9 àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nítorí pé àkókò náà ni ara tù wọ́n. Wákàtí náà jẹ́ aago 4 òru ní New York nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, aago 3 òru sì ni nígbà òtútù. Ọmọ tí ó ti iṣẹ́ dé ní aago 12 òru kò wọlé, wọ́n sì ń sọ ní gbangba pé ó ti gbàgbé ilé. Kò gbàgbé ilé o. Oorun ni ó ń sùn, bí ìwọ náà ti ń sùn nígbà tí òun wà lẹ́nu iṣẹ́.

Báwo ni wákàtí ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ọlọ́run Ọba ni ó dá oòrùn àti ayé. Ayé ń yí po ní wákàtí 24, nítorí náà bí oòrùn bá wà lókè orí wa ní Kàbbà, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ fún àwọn kan ní Amẹ́ríkà, ó sì ti ń di ìrọ̀lẹ́ fún àwọn tí ó wà ní ìlà-oòrùn. Ní ọdún 1884 ni àwọn orílẹ̀-èdè kan pàdé ní Washington, tí wọ́n fi Greenwich, ní ẹ̀bá London, ṣe ibi tí a ó ti máa ka ìlà ayé. Láti ọjọ́ 1 oṣù September, ọdún 1919, ni aago Nàìjíríà ti fi wákàtí kan ṣáájú aago Greenwich. Aago wa kì í yí padà, yálà òjò ń rọ̀ tàbí ọyẹ́ ń fẹ́.

Ẹ̀yin oníṣòwò kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ yín ní èyí. Ẹni tí ó bá gbé ẹrù láti Èkó gba Kútọnu lọ sí Lomé mọ̀ pé aago kan náà ni Èkó àti Kútọnu ń lò, ṣùgbọ́n bí a bá ti wọ ilẹ̀ Tógò, a ó dá aago padà ní wákàtí kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Gánà, níbi tí àwọn Yorùbá ti ṣòwò fún ìgbà pípẹ́ kí òfin ọdún 1969 tó lé ọ̀pọ̀ wọn padà wálé. Oníṣòwò tí kò bá mọ èyí yóò dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìfowópamọ́ ní Lomé kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.

Ohun tí ó wá le jù ni pé àwọn orílẹ̀-èdè kan a máa sún aago wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn a sún un síwájú ní ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn nínú oṣù March, wọn a sì dá a padà ní ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn nínú oṣù October. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù March àti èkíní nínú oṣù November ni tiwọn, láti ọdún 2007. Nítorí náà, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, aago kan náà ni Kàbbà àti London ń lò. Nígbà òtútù, a fi wákàtí kan ṣáájú wọn. New York fi wákàtí 5 tàbí 6 wà lẹ́yìn wa, Houston fi 6 tàbí 7. Jeddah fi 2 ṣáájú wa, Dubai fi 3, àwọn méjèèjì kì í sì í sún aago. Ẹ wo ọdún 2025: ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Rámádánì ni Amẹ́ríkà sún aago tiwọn, ọjọ́ Ìtunu Àwẹ̀ gan-an, 30 March, sì ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sún tiwọn. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹni tí ó fi òye àtẹ̀yìnwá ṣe ìṣirò kò lè bá ìpàdé.

Ẹ̀sìn wa kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìrun márùn-ún tí a ń kí, oòrùn ibi tí a wà ni a fi ń kí i. Kò sí ẹni tí ó sọ pé kí ará Kàbbà kí Mọ̀ǹgàríbì nítorí pé oòrùn ti wọ̀ ní Mẹ́kà. Ìtàn Kuraib sì wà nínú hádíìsì: ó ti ilẹ̀ Ṣáámù dé Mẹ̀dínà, ó sọ fún Ibn Abbas pé àwọn ará Ṣáámù ti rí oṣù ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, bẹ́ẹ̀ ni alẹ́ Àbámẹ́ta ni ará Mẹ̀dínà rí tiwọn. Ibn Abbas kò fi ti Ṣáámù pa ti Mẹ̀dínà rẹ́. Àwọn onímọ̀ ní oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ lórí rírí oṣù títí di òní, èmi kò sì fẹ́ dá ẹjọ́ náà níbí. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí ni pé a ti gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ibi kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀, àkókò ẹnì kan kò sì sọ ti ẹnì kejì di asán.

Ṣùgbọ́n àwẹ̀ àti ìrun, olúkúlùkù lè ṣe é ní ibi tí ó wà. Ẹgbẹ́ bíi NASFAT, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1995, tí ó sì ti ní ẹ̀ka ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, lè ṣe àdúà ọjọ́ Àìkú ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní àárọ̀ tirẹ̀, kò sì sí ohun tí ó bàjẹ́. Ìpàdé àwọn aṣáájú kò rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn kò ṣeé dá gbà. Nínú Súrà 42, tí à ń pè ní Aṣ-Ṣúrà, Ọlọ́run yin àwọn tí ó ń fi ìmọ̀ràn láàrin ara wọn ṣe ọ̀rọ̀ wọn. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, gba ìmọ̀ràn Salmánù ará Páṣíà, ni wọ́n ṣe gbẹ́ kòtò ní Mẹ̀dínà ní ọdún 627. Àlejò ni Salmánù ní ìlú náà, kì í ṣe ọlọ́rọ̀, kì í ṣe ìbátan ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ó ń sùn ni wọ́n ṣe ìpàdé, ta ni ì bá sọ ọ̀rọ̀ kòtò?

Ṣéídínà Úmárù náà ṣe olórí ilẹ̀ tí ó gbòòrò ju èyí tí ojú lè rí lọ, kò sì ní fóònù. Ohun méjì ni ó ṣe tí ó yẹ kí a kọ́. Èkíní, a máa pe àwọn gómìnà rẹ̀ sí Mẹ́kà ní àsìkò Háájì, níbi tí gbogbo ènìyàn yóò wà, kí ẹni tí a ṣẹ̀ lè sọ̀rọ̀ lójú wọn. Èkejì, àwọn òpìtàn sọ pé ìwé gbèsè kan dé iwájú rẹ̀ tí ó ní oṣù Ṣaabánì ni a ó san owó náà, ó sì béèrè pé Ṣaabánì ọdún wo. Kò sí ẹni tí ó lè dáhùn. Láti inú irú ìdàrúdàpọ̀ báyìí ni wọ́n ti pinnu, ní nǹkan bí ọdún 17 lẹ́yìn Híjírà, láti máa ka ọdún láti ìgbà Híjírà. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ gbọ́ o: gbèsè ni ó bí kàlẹ́ńdà wa. Ẹni tí ó sọ pé "ìpàdé di aago 8" láìsọ aago ibo, ìwé Ṣaabánì ni ó kọ.

Àwọn kan yóò wí pé: "Ẹni tí ó ń san owó ni kí ó yan wákàtí." Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ ọ́. Iṣẹ́ méjì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ń ṣe níbẹ̀, wákàtí tí wọ́n bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, owó ni wọ́n fi sílẹ̀. Ó yẹ kí a ro ti wọn. Ṣùgbọ́n owó nìkan kì í kọ́ ilé. Ẹni tí ó mọ ojú àgbàrá náà mú nǹkan wá, ẹni tí yóò máa ṣí ilé-kéwú ní àràárọ̀ mú nǹkan wá, ẹni tí ọmọ rẹ̀ yóò jókòó níbẹ̀ mú nǹkan wá. Bí a bá fi wákàtí ti àwọn wọ̀nyí síta, owó náà kò ní ojú tí yóò fi ríran.

Ohun tí mo rí pé ó lè ràn wá lọ́wọ́ nìyí.

Èkíní, aago kan ṣoṣo ni kí a máa kọ sínú ìwé ìpè, kí ó sì jẹ́ aago ilé. Nítorí kí ni? Nítorí pé ilé ni iṣẹ́ wà, aago ilé kì í sì í yí padà. Akọ̀wé yóò wá kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ohun tí ó jẹ́ ní London, New York, Houston, Jeddah àti Dubai ní ọjọ́ náà gan-an, pàápàá nínú oṣù March, October àti November.

Èkejì, kí a wá wákàtí tí kò pa ẹnikẹ́ni lára púpọ̀. Mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀. Aago 4 ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ní Kàbbà dára. A ti kí Àláásàrí, Mọ̀ǹgàríbì kò tíì dé, àwọn ará wa Kìrìsìtẹ́nì tí a jọ ń ṣe ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sì ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Yóò jẹ́ aago 10 ààbọ̀ tàbí 11 ààbọ̀ àárọ̀ ní New York, 9 ààbọ̀ tàbí 10 ààbọ̀ ní Houston, 6 ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ní Jeddah, 7 ààbọ̀ alẹ́ ní Dubai. London yóò ní ìṣòro díẹ̀: nínú oṣù December, oòrùn a máa wọ̀ níbẹ̀ kí aago 4 tó lù, bẹ́ẹ̀ ni nínú oṣù June, ó di lẹ́yìn aago 9 alẹ́. Nítorí náà, nígbà òtútù, kí a fún wọn ní ìṣẹ́jú 10 kí wọ́n kí Mọ̀ǹgàríbì wọn. Ẹni tí ó ń bójú tó ìpàdé ní láti mọ èyí kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, bí a bá ní ẹnì kan ní ibi tí wákàtí náà ti le fún un, kí a máa pín ìnira náà. Bí ìpàdé mẹ́ta bá rọrùn fún ilé, kí ẹ̀kẹrin rọrùn fún òun. Kò tọ́ kí ẹnì kan ṣoṣo máa jí lóru ní gbogbo ìgbà, kí àwọn yòókù sì máa yìn ín fún sùúrù.

Ẹ̀kẹrin, kí ọ̀rọ̀ tí a ó sọ dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Àwọn àgbà wa tí kì í ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì, kí akọ̀wé fi ohùn sọ ọ́ lórí WhatsApp ní èdè wa. Ní ọdún 1945, ní London, ni àwọn ọmọ Yorùbá kan dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀, ní ọdún 1948 ni wọ́n sì fi lọ́lẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, lẹ́tà ni ilé àti òkè òkun fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Lẹ́tà kì í yára, ṣùgbọ́n a máa dúró de ẹni tí ó ń sùn. Fóònù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àfi kí àwa fúnra wa kọ́ ọ ní sùúrù.

Ẹ̀karùn-ún, kí ọ̀rọ̀ tí ó le jù ṣáájú. Zoom tí a kò san owó fún a máa já lẹ́yìn 40 ìṣẹ́jú, iná àti dátà ní ilé kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Bí a bá fi 30 ìṣẹ́jú kí ara wa, kí ni ó kù fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀? Kí ìpàdé má kọjá wákàtí kan.

Ẹ̀kẹfà, èyí sì ni òpó gbogbo rẹ̀: ìpinnu tí ó kan owó, ilẹ̀, tàbí ipò ẹnikẹ́ni, kí ó má di òfin ní alẹ́ tí a ṣe é. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a fi ránṣẹ́ sí gbogbo aṣáájú, kí a fún ẹni tí ó sùn, ẹni tí ìlà rẹ̀ já, àti ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta láti sọ tirẹ̀. Bí wọ́n bá dákẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ìdákẹ́ wọn di ìfọwọ́sí. Ìdákẹ́ ẹni tí ó sùn lọ ní aago 12 òru kì í ṣe ìfọwọ́sí.

Èyí yóò ha fa iṣẹ́ sẹ́yìn bí? Bóyá ọjọ́ mẹ́ta. Omi tí ó wọ inú ìpìlẹ̀ ìjọ tí mo sọ ìtàn wọn fa iṣẹ́ sẹ́yìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì mú àwọn ọmọ ìyá kan náà bínú sí ara wọn.

Ẹ̀yin alága, ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ̀yin ìyá ẹgbẹ́, kí ẹ tó pe ìpàdé tí ó ń bọ̀, ẹ béèrè ẹni tí wákàtí náà yóò tì síta. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù ni, ẹ yí i padà. Ohun tí a bá jọ wò, gígún ni ó ń gún. Kí Ọlọ́run Ọba Alákòóso oòrùn àti òṣùpá fi ìmọ̀ràn rere sí àárín wa, kí ó bùkún ọjà yín, kí ó sì mú àwọn tí ó wà ní ìdálẹ̀ padà wá bá wa láyọ̀. Àmín.